Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi nígbà tí mo wọ láàbù ni omi fífà. Omi lásán o, kì í ṣe kẹ́míkà kankan. Àǹtí tó ń bójú tó láàbù nígbà yẹn gbé òṣùwọ̀n kékeré kan síwájú mi, wọ́n ki páìpẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tí wọ́n fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa fa 100 microlitre, kí n tú u sórí òṣùwọ̀n, kí n kọ nọ́ńbà tí mo bá rí sílẹ̀, kí n tún fa òmíì. Tẹ́ ẹ bá pín lítà omi kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ìkan nínú ẹ̀ ni microlitre, ó sì máa ń wọn mílígíráàmù kan, torí náà tí mo bá fa 100, 100 náà ló yẹ kí òṣùwọ̀n sọ. Tèmi sọ 93. Ó sọ 108. Ó tún sọ 89. Èmi tí mo ti gba dìgírì, tí mo lè ya DNA, okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ogún ìran, sórí pátákó kí n sì máa dárúkọ àwọn ẹ́nsáìmù, àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń dà á kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò lè fa omi.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fa omi.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, inú ti ń bí mi, mo ń rò ó pé ṣé ìyà ni obìnrin yìí fi ń jẹ mí ni àbí kí ni. Wọ́n kàn kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, àtàńpàkò ẹ ń kánjú." Òótọ́ ni. Bọ́tìnnì orí páìpẹ́ẹ̀tì, ibi méjì ló ti máa ń dúró tó o bá tẹ̀ ẹ́, ibi àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tó o fẹ́ gan-an, ibi kejì wà fún kó o lè fi fẹ́ èyí tó kù sẹ́nu ẹ̀ jáde. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi kejì kó o tó fà, wàá fa àfàjù, ibi tí 108 mi ti wá nìyẹn. Tó o bá sì já a sílẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ á bá omi wọlé, 89 nìyẹn. Gbogbo ìwé tí mo ti kà látẹ̀yìnwá, kò sí ìkankan tó sọ̀rọ̀ àtàńpàkò níbẹ̀.

Tí mo bá sọ fún èèyàn pé láàbù molecular biology, níbi tí wọ́n ti ń wádìí DNA àtàwọn nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú tí wọ́n fi ń wò mí máa ń yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á ní háà, ọpọlọ ẹ mà pé o, mi ò sì kì í jiyàn, ta ni ò fẹ́ kí wọ́n yin òun. Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́ fún yín, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí èèyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló ṣe ń kọ́ ọ, wàá dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, wàá máa wò ó, wàá bà á jẹ́, wọ́n á bú ẹ, wàá tún un ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ: èèyàn méjì á ka ìlànà kan náà, wọ́n á lo kẹ́míkà kan náà, tẹnì kan á jáde, tẹnì kejì ò ní jáde. Kí ló wá fà á? Ọwọ́ ni.

A tún gbọ́dọ̀ dúpẹ́ pé ọwọ́ la fi ń ṣe é. Láyé àtijọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń fa nǹkan sókè sínú gíláàsì tín-ín-rín, ohun yòówù kó jẹ́, ásíìdì o, kòkòrò àrùn o, bí ẹni ń fi strọ́ọ̀ mu mínírà. Àwọn kan gbé e mì, àwọn kan sì kó àrùn níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Heinrich Schnitger, tó ń ṣiṣẹ́ ní Marburg ní Jámánì, ni ọ̀rọ̀ yẹn sú ní 1957, ló bá ṣe èyí tí wọ́n ń fi àtàńpàkò tẹ̀. Tí àtàńpàkò bá ń ro mí lálẹ́, mo máa ń rántí ẹ̀, mi ò wá mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni tàbí kí n bínú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ wà. Orúkọ wọn ni láàbù máa ń jẹ́, àwọn ni wọ́n ń wá owó, ìyẹn nìkan sì ti tó iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, torí kò sí ìgbà tí wọn ò kí ń kọ ìwé ìbéèrè owó, bí wọ́n ṣe ń fi ìkan ránṣẹ́ ni òmíì ń bọ̀. Ọ̀gá tiwa, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fọwọ́ kan páìpẹ́ẹ̀tì gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kan inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá bá wa ṣe ẹ̀yọ kan bíi tàtijọ́, kí ni a ò fi pamọ́ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹ́nsáìmù olówó gọbọi ló sáré padà sínú fíríìsà. Lẹ́yìn ọ̀gá ni àwọn postdoc, àwọn tó ti gba Ph.D. tán tí wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn ọdún kan, ọdún méjì, tí wọn ò lè ra àga tó dáa sílé torí wọn ò mọ ìlú tí wọ́n máa wà lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa ọmọ Ph.D. wá wà, àwa la máa ń wà níbẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́. Kì í ṣe pé a ṣiṣẹ́ kára ju àwọn tó kù lọ o, bakitéríà ló ń bá wa yan àsìkò. E. coli tó bá rí oúnjẹ tó sì móoru dáadáa, ogún ìṣẹ́jú ni ìkan fi ń di méjì, tó o bá dá a sínú omi oúnjẹ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òun ló máa sọ ìgbà tó o máa padà wá fún ẹ, o ò lè bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dìgbà tó o bá jí.

Àǹtí wá wà. Nínú ìwé, orúkọ iṣẹ́ wọn ni technician. Wọn ò ní Ph.D., wọ́n sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣáájú ọ̀gá pàápàá. Àwọn ló ń ra ọjà, àwọn ló ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn ló mọ fíríìsà tó máa ń ṣàìsàn, àwọn ló ń kọ́ gbogbo ọmọ tuntun ní omi fífà.

Bí mo ṣe wá mọyì wọn nìyí. PCR ni wọ́n ní kí n ṣe. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ nígbà kòrónà, kò sí ẹni tí wọn ò ki owú bọ̀ nímú. Ohun tó ń ṣe ò le: DNA ní okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, wàá gbé e dé bíi 95 digirí kí okùn méjèèjì pínyà, wàá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 55 kí DNA kékeré tó o fi ṣe àmì lè lẹ̀ mọ́ ibi tó o fẹ́, wàá gbé e sí 72 kí ẹ́nsáìmù lè dà á kọ, ìkan á di méjì, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó di mẹ́rin. Tó o bá ṣe é ní ìgbà 30, tí gbogbo nǹkan sì lọ bó ṣe yẹ, ẹ̀yọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Kary Mullis tó ronú kàn án ní 1983 ní òun ń wakọ̀ lóru ní California ni ó wá sóun lọ́kàn, wọ́n sì fún un ní Nobel ní 1993.

Ìtàn mọ́tò yẹn dùn, àmọ́ mọ́tò kọ́ ló ṣe PCR. Ẹ́nsáìmù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ máa ń kú nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé e dé 95, ìyẹn ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, kó ṣí tíúùbù, kó bu òmíì sí i, kó tún dé e, ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí po. Níléeṣẹ́ Cetus tí wọ́n ti ṣe é, tẹ́ ẹ bá wo ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nípa ẹ̀ ní 1985, Randall Saiki ni orúkọ àkọ́kọ́. Ẹ́nsáìmù Taq tí gbogbo wa wá ń lò, tí 95 ò pa, inú bakitéríà kan tó ń gbé nínú omi gbígbóná ní Yellowstone ló ti wá, Thomas Brock àti Hudson Freeze ló sì rí bakitéríà náà ní 1966. Freeze ò tíì gba dìgírì àkọ́kọ́ nígbà yẹn o! Ọmọ iléèwé ni, wọ́n ní kó wá bá àwọn bu omi, kò sì sí ẹni tó ń ronú PCR níbẹ̀.

PCR tèmi ò jáde fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ ronú ẹ̀ wò. Tó o bá ṣe é tán, wàá gbé e sínú gẹ́ẹ̀lì, iná mànàmáná á wọ́ DNA kọjá nínú ẹ̀, wàá wá tan iná pàtàkì kan sí i kó o lè rí ìlà tó ń tàn. Tèmi, ìlà òṣùwọ̀n tí iléeṣẹ́ ṣe nìkan ló ń tàn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúdú kirikiri. Mo yí digirí padà. Mo ra àmì tuntun. Mo dẹ́bi fún ẹ̀rọ. Ó wá dé ibi pé mo ń lo ẹ̀rọ tó wà lápá òsì nìkan torí ọmọ kan ní òun ni "ẹ̀rọ tó lórí ire," mo ti fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ o, èmi náà wá ń tò lẹ́yìn ẹ̀. Postdoc kan jókòó tì mí fún wákàtí kan, a ń sọ̀rọ̀ lórí bí DNA ṣe ń ká lura, ọ̀rọ̀ ìwé ńlá, gbogbo ẹ̀ mọ́gbọ́n dání, kò sí ìkankan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ṣá, Àǹtí ń kọjá, wọ́n rí mi tí mò ń fa magnesium látinú tíúùbù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Wọ́n dúró.

"Ṣé o gbọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Kí n gbọn kí ni, mà?"

Wọn ò dáhùn, wọ́n gba tíúùbù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọn nǹkan, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n dá a padà, wọ́n lọ. Mo wá lọ bá wọn kí wọ́n ṣàlàyé. Tí magnesium bá dì nínú fíríìsà tó wá yọ́, kì í pò mọ́ra padà, èyí tó ki máa ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀, òkè ẹ̀ á wá ṣàn bí omi. Òkè sì ni mo ti ń fà á fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ́nsáìmù yẹn ò lè ṣe nǹkankan láìsí magnesium, bẹ́ẹ̀ omi ni mò ń fún un. Lọ́jọ́ kejì ìlà mi tàn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀?

Látìgbà yẹn ni mi ò ti lè ka ìtàn sáyẹ́ǹsì bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ ni mò ń wá kiri nínú ẹ̀. Gbogbo wa la kọ́ Hershey àti Chase níléèwé, ìdánwò ọdún 1952 tó fi hàn pé DNA ló ń gbé ogún ìran dání, kì í ṣe púrótéènì. Ohun tí wọ́n fi ṣe é, bílẹ́ńdà ni, bílẹ́ńdà inú kíṣìnì! Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì á lẹ̀ mọ́ ara bakitéríà, á ti DNA ẹ̀ wọ inú, awọ ẹ̀ á ṣẹ́ kù síta, wọ́n á wá gbọ̀n ọ́n nínú bílẹ́ńdà kí awọ já bọ́. Tó o bá gbọ̀n ọ́n jù, bakitéríà á fọ́, tí ò bá tó, awọ ò ní já. Martha Chase, tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú Hershey, olùrànlọ́wọ́ láàbù ni nígbà yẹn, dìgírì àkọ́kọ́ ló ní. Hershey gba Nobel ní 1969 pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì míì. Orúkọ Chase wà lórí ìwé ìwádìí náà ní tiẹ̀, ìyẹn ṣì dáa, torí ti ẹlòmíì ò dé ibẹ̀ rárá. Fanny Hesse ńkọ́? Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch, onímọ̀ bakitéríà, jẹ́látíìnì tí wọ́n ń gbin bakitéríà lé ń yọ́ tí ooru bá mú, Fanny ló ní kí wọ́n lo agar tóun fi ń se jẹ́lì. Koch dárúkọ agar nínú ìwé tó kọ ní 1882, kò dárúkọ Fanny. Petri tó ṣe àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń da agar sí ní 1887, gbogbo ayé ló ń pe àwo náà mọ́ ọn lórúkọ di òní. Ẹni tó ni ohun inú àwo wá ń wòran.

Àwòrán DNA olókìkí yẹn náà, tí wọ́n ń pè ní Photo 51, mo wà lẹ́yìn àwọn tó ń jà kí wọ́n mọyì Rosalind Franklin, onímọ̀ tó ń fi X-ray wádìí DNA, ó kú ní 1958 lọ́mọ ọdún 37, Watson, Crick àti Wilkins sì gba Nobel ní 1962 lórí bí DNA ṣe rí. Àmọ́ ọmọ Ph.D. kan wà lábẹ́ ẹ̀, Raymond Gosling, òun ló ya àwòrán náà ní May 1952, kì í sì í ṣe pé ó tẹ bọ́tìnnì o, bíi wákàtí 60 ni X-ray fi lu DNA náà. Èmi tí mo ti jókòó ti ẹ̀rọ rí fún wákàtí mẹ́jọ, mo kí i.

Èyí tó máa ń dá mi dúró jù ni ti HeLa. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ lára Henrietta Lacks ní ọsìbítù Johns Hopkins ní 1951, wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni sẹ́ẹ̀lì èèyàn àkọ́kọ́ tí kò dẹ́kun dídàgbà nínú láàbù. Olùrànlọ́wọ́ láàbù kan, Mary Kubicek, ló gé e wẹ́wẹ́ tó gbìn ín, tó kọ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ obìnrin náà àti ti orúkọ ọkọ ẹ̀ sára tíúùbù, bí HeLa ṣe di HeLa nìyẹn. Nígbà tí obìnrin náà kú lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ní kí Kubicek wá gba ẹran ara sí i níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò, ó sì rí i pé obìnrin náà ti fi pupa kun èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé e pé èèyàn kan ló ni nǹkan tóun ń gbìn. Nínú láàbù tiwa, a máa ń sọ pé "HeLa mi ti kú" bí ẹni ń sọ pé òdòdó òun gbẹ. Mo ti sọ ọ́ àìmọye ìgbà, kò sì tó ìgbà méjì tí mo rántí èékánná yẹn.

Ẹ má rò pé gbogbo wa níbẹ̀ ni ẹni mímọ́ tí wọn ò mọyì o. A máa ń jà. A ń jà lórí àyè nínú fíríìsà ju bí wọ́n ṣe ń jà lórí ilẹ̀ lọ. Àwọn kan á lo ẹ́nsáìmù, á ku ẹ̀kán kan ṣoṣo, wọ́n á dá a padà kó má bàa jẹ́ pé àwọn ló pa á tán, torí ẹni tó bá pa á tán ló máa ra òmíì. Ọmọ kan ti lọ láti ọdún mẹ́rin, ó fi àpótí ọgọ́rùn-ún tíúùbù sílẹ̀ tó kọ "1, 2, 3" sí lára, àlàyé kankan kò sí, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó láyà láti dà á nù. Bákan náà, "ọwọ́ ẹ ò mọ́" ní láàbù, kò túmọ̀ sí pé olè ni ẹ́, ó túmọ̀ sí pé tíúùbù omi tó o fi ṣe ẹ̀rí, tí kò yẹ kí DNA wà nínú ẹ̀, ti bímọ.

Postdoc tó bá mi sọ̀rọ̀ ńlá lọ́jọ́ yẹn, àdéhùn ẹ̀ parí, owó tí wọ́n fi ń san án ò padà wá, ó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Friday kan, ó pín páìpẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún wa. Ìtàn Douglas Prasher ló wá sí mi lọ́kàn. Òun ló kọ́kọ́ yọ jíìnì GFP jáde ní 1992, èyí tó ń jẹ́ kí jellyfish, ẹran inú òkun kan, tàn bí iná aláwọ̀ ewé, tí gbogbo láàbù fi ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì báyìí. Owó ìwádìí ẹ̀ tán, ó fi jíìnì náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ méjì tó béèrè fún un. Ní 2008 àwọn méjì yẹn wà lára ẹni mẹ́ta tó gba Nobel lórí ẹ̀. Iṣẹ́ tí Prasher ń ṣe lọ́dún yẹn, ó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn oníbàárà níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Àwọn méjì yẹn sanwó kó lè bá wọn lọ síbi ayẹyẹ, ìyẹn dáa lọ́wọ́ wọn. Mi ò kàn mọ irú ojú tí èèyàn á fi jókòó níbẹ̀ ni.

Mo ń sọ ti Koch, mo ń sọ ti Nobel, ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi.

Nígbà tí iṣẹ́ mi jáde, orúkọ mi ló ṣáájú, ti ọ̀gá ló gbẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn, ẹni tó ṣe é jù níwájú, ẹni tó ni láàbù lẹ́yìn. Èèyàn mẹ́rin wà láàárín, ẹnì kan nínú wọn, àwòrán kan ló wò fún wa. Àǹtí wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi ìdúpẹ́, ìlà kan, fún "ìrànlọ́wọ́ nínú láàbù." Mo rò ó pé kí n lọ bá ọ̀gá pé ó yẹ kí orúkọ wọn wà lókè. Mo rò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo padà, mi ò sì lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò dí mi lọ́wọ́. Ó kàn rọrùn kí n dákẹ́ ni.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún wọn, ojú ń tì mí. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n kà á dé ibi ìdúpẹ́, wọn ò sọ nǹkankan. Wọ́n wá fi ìka kan àwòrán kejì, wọ́n ní, "Ìlà kẹta àti ìkẹrin yìí, o ti gbé lébẹ̀ẹ̀lì ìkan fún èkejì." Mo wò ó. Òótọ́ ni. Àwa mẹ́fà tí orúkọ wa wà lókè, àti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹni tó rí i. A ní láti kọ̀wé pé kí wọ́n bá wa tún un ṣe.

Wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí. Lóṣù tó kọjá mo nílò bakitéríà kan tí wọ́n ti tọ́jú sínú glycerol, omi ki kan tí kì í jẹ́ kí yìnyín pa á, kí n tó dé láàbù yẹn rárá, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí fíríìsà tó wà ní -80 digirí, yìnyín ti bo àpótí, mo ha á kúrò, mo bá tíúùbù náà níbi tí ìwé wọn ní ó wà gẹ́lẹ́: orúkọ ẹ̀, déètì, oògùn tí kò lè pa á, àti lẹ́tà méjì orúkọ wọn, ìkọ̀wé roboto yẹn, máákà ò tíì pa rẹ́. Irú nǹkan báyìí, wọn kì í jẹ́ kó yọ́, mo kàn fi igi ha orí ẹ̀ díẹ̀, mo fà á sórí agar, mo dá tíúùbù padà kíákíá, mo lọ sùn. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwo ti kún, wọ́n to ara wọn rúbútú-rúbútú, funfun báláú.

Lébẹ̀ẹ̀lì tíúùbù yẹn ti ń ṣí létí. Mo tẹ tuntun, mo lẹ̀ ẹ́ sí i lápá kejì, tiwọn ṣì wà níbẹ̀.